Ìtàn Ìgbésí-Ayé Giuseppe Piazzi, Ẹni tí Ó Rí Ceres

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ẹnu lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tí ó fi ìwà rẹ̀ pa á. Wọ́n fẹ́ fi wúrà dá a lọ́lá, ó ní kí wọ́n fi owó rẹ̀ ra irin-iṣẹ́. Wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pe ohun tí ó rí ní ojú ọ̀run, kò tẹ̀ lé wọn. Síbẹ̀, ó ti lé ní igba ọdún báyìí, orúkọ rẹ̀ kò parun. Ọkùnrin náà ni Giuseppe Piazzi, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ẹni tí ó kọ́kọ́ rí ọ̀kan nínú àwọn ayé kéékèèké tí ń yí oòrùn po láàárín Mars àti Jupiter. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ, ìwọ òǹkàwé mi. Fi ara balẹ̀ kí o gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù keje ọdún 1746 ni a bí Piazzi ní Ponte, ìlú kékeré kan ní àfonífojì Valtellina, ní ìsàlẹ̀ àwọn òkè Alps, ní àríwá ilẹ̀ Ítálì. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Kátólíìkì kan tí à ń pè ní Theatine, abẹ́ wọn ni ó sì ti kàwé. Má ṣe rò pé láti kékeré ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ ìràwọ̀ wíwò. Ìmọ̀ ìṣirò ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó kọ́ àwọn ènìyàn ní ìṣirò ní ìlú púpọ̀, ó tilẹ̀ ré òkun kọjá lọ sí erékùṣù Malta láti kọ́ni níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1781, wọ́n pè é sí Palermo, tí í ṣe olú ìlú erékùṣù Sicily, kí ó wá máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò tí ó jinlẹ̀. Ibẹ̀ ni orí rẹ̀ gbé e pàdé iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí.

Ní ayé ìgbà náà, ọba kan ṣoṣo, Ferdinand, ni ó ń jọba lórí Naples àti Sicily. Ìjọba rẹ̀ pinnu láti kọ́ ilé-ìwòràwọ̀ sí Palermo, Piazzi ni wọ́n sì fi ṣe olórí rẹ̀. Ọkùnrin náà ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà, kò sì mọ iṣẹ́ ìràwọ̀ wíwò dunjú. Kí ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe? Ẹlòmíràn ìbá jókòó sórí oyè kí ó máa gba owó oṣù. Piazzi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1787, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Paris lọ́dọ̀ Lalande. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ Maskelyne àti Herschel. Ògbóǹtarìgì onímọ̀ ìràwọ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àgbàlagbà yìí kò tijú láti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn bí ọmọdé.

Ní London ni ó ti bá Jesse Ramsden pàdé. Kò sí ẹni tí ó mọ irin-iṣẹ́ ìwòràwọ̀ ṣe tó o nígbà náà, ṣùgbọ́n bí a bá gbé iṣẹ́ fún un, ọdún a máa gorí ọdún kí ó tó parí rẹ̀. Piazzi kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ó ń rọ̀ ọ́, ó ń yìn ín, ó ń wà ní ìtòsí rẹ̀, títí iṣẹ́ náà fi parí ní ọdún 1789. Òbíríkítí idẹ ńlá kan ni, tí ìbú rẹ̀ tó ẹsẹ̀-bàtà márùn-ún. Wọ́n fín ìlà tín-ín-rín sí etí rẹ̀ yí ká bí ìlà ara rúlà, wọ́n sì de awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn mọ́ ọn. Bí a bá fi awò náà wo ìràwọ̀ kan, ìlà etí idẹ náà yóò sọ bí ìràwọ̀ náà ti ga tó ní ojú ọ̀run. Piazzi gbé e wọ ọkọ̀ lọ sí Palermo, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sí orí ilé-ìṣọ́ kan ní ààfin ọba. Láti ọdún 1790 ni ilé-ìwòràwọ̀ náà ti wà. 

Iṣẹ́ wo ni Piazzi wá ń fi irin-iṣẹ́ yìí ṣe? Iṣẹ́ tí kò ní ariwo nínú ni. Ó ń ka ìràwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wọn ibi tí olúkúlùkù wọn wà, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn ti ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìṣe pọ̀ nínú wọn. Piazzi kì í gba ohun tí ó rí ní alẹ́ kan ṣoṣo gbọ́. Ìràwọ̀ tí ó bá wọ̀n ní alẹ́ òní, yóò tún un wọ̀n ní ọ̀la, yóò tún un wọ̀n ní ọ̀túnla, bí ìyá oníṣòwò tí ń ka owó rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó tó dì í mọ́ ìdí aṣọ. Rántí àṣà rẹ̀ yìí, ìwọ òǹkàwé mi, nítorí pé òun ni gbòǹgbò gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí o mọ ohun tí ń jẹ àwọn onímọ̀ lọ́kàn ní ayé ìgbà náà. Ilẹ̀ tí à ń gbé yìí kọ́ ni ó nìkan ń yí oòrùn po. Mars ń yí i po, Jupiter náà ń yí i po, àwọn mìíràn sì wà pẹ̀lú wọn. Pílánẹ́ẹ̀tì ni à ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n àyè tí ó wà láàárín Mars àti Jupiter fẹ̀ jù. Ní ọdún 1766, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Titius ṣe ìṣirò kan lórí bí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ṣe jìnnà sí oòrùn sí. Ìṣirò náà fi hàn bí ẹni pé pílánẹ́ẹ̀tì kan yẹ kí ó wà ní àyè náà, Bode tí ó wà ní Berlin sì gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Nígbà tí Herschel rí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus ní ọdún 1781, tí ibi tí ó wà sì bá ìṣirò yìí mu, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òótọ́ ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1800, àwọn onímọ̀ kan péjọ ní Lilienthal ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n pinnu láti pín ojú ọ̀run fún ènìyàn mẹ́rìnlélógún kí olúkúlùkù máa ṣọ́ ìpín tirẹ̀. Wọ́n ka Piazzi mọ́ àwọn tí wọn yóò pè, ṣùgbọ́n ìwé ìpè náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tí kò dẹ̀gbẹ́ ni ẹran bọ́ sí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1801, tí í ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ọdún tuntun, Piazzi wà ní ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń wá ìràwọ̀ kan tí La Caille, onímọ̀ ará Faransé, ti kọ sínú ìwé rẹ̀, ní apá ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Taurus. Kí ìràwọ̀ náà tó kọjá, kékeré kan kọjá ṣáájú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ojú lásán kò lè rí i. Piazzi wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Kò rí ohun ìyanu kankan nínú rẹ̀.

Ní alẹ́ kejì, ó tún un wọ̀n gẹ́gẹ́ bí àṣà rẹ̀. Òǹkà ti òní kò bá ti àná mu. Àwọn ìràwọ̀ lásán kì í ṣípò láàárín ara wọn ní òru kan sí èkejì, nítorí náà ó kọ́kọ́ rò pé òun ni òun ṣì í wọ̀n ní àná. Ní alẹ́ kẹta, ó tún ti rìn. Ní alẹ́ kẹrin, ó tún ti rìn, bí ó sì ti ń rìn ní àná náà ni ó ń rìn ní òní. Nígbà yìí ni ó tó dá ara rẹ̀ lójú pé ohun tí òun rí kì í ṣe ìràwọ̀ lásán. Ìwọ wò ó: bí ó bá jẹ́ pé ó wọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan, tí ó sì ti ìwé rẹ̀ pa, ìràwọ̀ kékeré náà ìbá ti kọjá lọ láìsí ẹni tí ó mọ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra tí ó jẹ́ kí ó rí i kò pẹ́ kí ó tó fẹ́ jẹ́ kí ó pàdánù rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á kí ó má lọ sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù náà, ó kọ lẹ́tà sí Bode ní Berlin àti sí Oriani, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní Milan. Ó pe ohun tí ó rí ní ìràwọ̀ onírù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí ìrù lára rẹ̀. Oriani nìkan ni ó fi inú hàn fún pé, bí nǹkan yìí ṣe ń rìn jẹ́jẹ́ tí kò sì ní ìkùukùu lára, ó lè jẹ́ ohun tí ó ju ìràwọ̀ onírù lọ. Lẹ́yìn náà, àìsàn dá a wó. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ni ó rí i kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlélógún ni ó ti wọ̀n ọ́n, láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógójì.

Lẹ́tà kì í yára rìn ní ayé ìgbà náà, pàápàá nígbà tí ogun wà ní Yúróòpù. Ó di oṣù kẹta kí ti Bode tó dé ọwọ́ rẹ̀, ó sì di oṣù kẹrin kí ti Oriani tó dé. Bí Bode ti kà á ni ó sọ pé pílánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ayé ń wá ni èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ènìyàn gbé awò wọn sókè láti wò ó, wọn kò rí i mọ́. Ó ti bọ́ sí ìhà oòrùn, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Piazzi ti fi òǹkà rẹ̀ pamọ́ nítorí ó fẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe ìṣirò ipa ọ̀nà rẹ̀ kí ó tó kó o fún ẹnikẹ́ni. Inú ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò dùn sí èyí. Ní oṣù kẹrin ni ó tó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì di oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí wọn kò bá tún rí ìràwọ̀ náà mọ́, ta ni yóò gba Piazzi gbọ́? Ọlá gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni ó wà lórí ewu yìí.

Ẹni tí ó yọ ọ́ nínú rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Brunswick ní ilẹ̀ Jámánì, tí ń jẹ́ Gauss. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Iṣẹ́ tí ó gbé karí kò rọrùn. Bí ẹni tí ó rí ẹsẹ̀ arìnrìn-àjò fún ìwọ̀n ìbùsọ̀ díẹ̀ péré lẹ́yìn odi ìlú ni, tí wọ́n wá ní kí ó sọ ọjà tí arìnrìn-àjò náà yóò wà ní ìparí ọdún. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni Piazzi fi rí ìràwọ̀ náà, ó sì ń gbà á ní ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́rin ààbọ̀ láti yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Gauss dá ọ̀nà ìṣirò tuntun sílẹ̀, ó sì sọ ibi tí kí wọ́n wò. Ní òru tí ó kẹ́yìn ọdún 1801, von Zach rí i níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1802, Olbers náà rí i ní Bremen. Ọ̀nà ìṣirò náà dára, ṣùgbọ́n òǹkà tí kò bá pé kò lè so èso rere. Bí Piazzi kò bá wọ̀n ọ́n dáadáa, Gauss kì bá tí rí ohun tí yóò fi ṣe ìṣirò.

Wàyí o, kí ni kí wọ́n sọ ọmọ tuntun yìí? Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Piazzi wo ilé. Láti ayé àwọn ará Róòmù àtijọ́, Ceres, òrìṣà ọkà àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ni wọ́n gbà pé ó ni Sicily. Ibẹ̀ ni ìtàn sọ pé wọ́n ti jí ọmọbìnrin rẹ̀ gbé. Piazzi tún wo ọba tí ó kọ́ ilé-ìwòràwọ̀ náà. Nítorí náà ó sọ ọ́ ní Ceres Ferdinandea. Ṣùgbọ́n ọmọ kan, orúkọ púpọ̀. Bode fẹ́ kí ó jẹ́ Juno. Àwọn kan ní ilẹ̀ Jámánì ń pè é ní Hera. Lalande, olùkọ́ Piazzi àtijọ́, ní Piazzi ni òun yóò máa pè é. Inú bí Piazzi. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ó bí ọmọ ni ó ni ìsọmọlórúkọ, ó sì jẹ́ kí ó di mímọ̀ pé orúkọ tí òun fún un ni òun yóò máa pè é. Nígbẹ̀yìn, ayé gba ìlàjì rẹ̀, wọ́n sì jù ìlàjì nù. Orúkọ ọba kò dúró, nítorí pé ọba ìlú kan kì í ṣe ọba gbogbo ayé. Orúkọ òrìṣà àgbẹ̀ ni ó dúró, nítorí pé kò sí orílẹ̀-èdè tí kì í jẹun.

Ọba fẹ́ fi wúrà ṣe àmì ẹ̀yẹ kan tí wọn yóò ya àwòrán Piazzi sí. Piazzi dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi owó rẹ̀ ra awò mìíràn fún ilé-ìwòràwọ̀. Ìwọ náà rò ó wò: ènìyàn mélòó ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi ní àbúrò. Olbers rí Pallas ní ọdún 1802, Harding rí Juno ní ọdún 1804, Olbers tún rí Vesta ní ọdún 1807. Nítorí pé wọ́n kéré, tí wọ́n sì dà bí ìràwọ̀ lójú awò, Herschel fún wọn ní orúkọ ásítẹ́rọ́ìdì ní ọdún 1802. Lónìí, a ti mọ ohun tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ nínú wọn. Ceres ni ó tóbi jù láàárín àwọn tí ó wà ní àyè náà. Ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí 940 kìlómítà. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ àgbáyé fi í sí ipò pílánẹ́ẹ̀tì ràrá.

Piazzi kò jókòó ti òkìkí yìí. Ó padà sí ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1803, ó tẹ ìwé kan jáde tí ìràwọ̀ 6,748 wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1814, ó tẹ òmíràn tí 7,646 wà nínú rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí náà ni ó ti rí i pé ìràwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní 61 Cygni ń ṣípò díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ju bí àwọn ìyókù ti ń ṣe lọ. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọdún 1838, ìràwọ̀ yìí ni Bessel fi wọn bí ìràwọ̀ ti jìnnà sí wa tó. Ní ọdún 1817, ọba pe Piazzi sí Naples kí ó wá bójú tó ilé-ìwòràwọ̀ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù keje ọdún 1826, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí ó pé ọmọ ọgọ́rin ọdún. Orúkọ tí kò bá Lalande pe ọmọ rẹ̀ padà wá bá a nígbẹ̀yìn: ásítẹ́rọ́ìdì tí ó gba nọ́ńbà 1000, tí Reinmuth rí ní ọdún 1923, Piazzia ni wọ́n sọ ọ́.

Ìtàn náà kò tíì tán. Láti ọdún 2015 títí di ọdún 2018, ọkọ̀ òfuurufú Dawn tí àwọn ará Amẹ́ríkà rán lọ ń yí Ceres po, ó sì ya àwòrán ojú ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rí kòtò púpọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ní láti sọ wọ́n lórúkọ. Nítorí pé òrìṣà àgbẹ̀ ni Piazzi fi sọ ìyá, òrìṣà àgbẹ̀ láti gbogbo ayé ni wọ́n fi sọ àwọn kòtò náà. Ọ̀kan tí ìbú rẹ̀ tó 260 kìlómítà ń jẹ́ Yalode, orúkọ òrìṣà kan ní Dahomey tí àwọn obìnrin ń bọ ní àkókò ìkórè. Etí Yorùbá wo ni yóò gbọ́ orúkọ yìí tí kò ní í rántí Ìyálóde? Òmíràn, tí ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá lọ, ń jẹ́ Oxo, òrìṣà àgbẹ̀ kan láàárín àwọn ọmọ adúláwọ̀ Bràsíìlì, nínú ẹ̀sìn tí ó ṣẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá. Inú kòtò Oxo yìí ni wọ́n ti rí omi dídì ní ojú ilẹ̀.

Ìwọ òǹkàwé mi, ìbá ṣe pé orúkọ ara rẹ̀ ni Piazzi fi sọ ìràwọ̀ yìí, orúkọ ti Dahomey àti ti Yorùbá kì bá tí rí àyè níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí o rí mú ni pé kí o máa tún iṣẹ́ rẹ yẹ̀ wò, kódà nígbà tí o bá rò pé o ti ṣe é tán. Kí o má fi ìmọ̀ pamọ́ pẹ́ jù, nítorí pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Kí o má sì máa sáré lé ọlá. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ọlá ni yóò máa sáré wá a.